Ajá Tí Oyin Tàbí Agbọ́n Ta

Lójú ewé yìí a ti sọ̀rọ̀ nípa owó ilé, nípa òtútù, àti nípa bí a ti ń se ọbẹ̀ láìjẹ́ kí aago iná ilé ké. Ọ̀rọ̀ ajá ni ó kàn lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o. Lẹ́tà ni ó fa ọ̀rọ̀ náà wá. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó háyà yàrá nínú ilé ìyá àgbàlagbà kan béèrè lọ́wọ́ wa pé, bí onílé òun bá jáde lọ tí agbọ́n sì ta ajá rẹ̀, kí ni kí òun ṣe, ta ni kí òun ké sí, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀kan yẹn, gbogbo wọn ni ó sì tọ́ kí a dáhùn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó bá ajá dàgbà nílé, ṣùgbọ́n ajá ilé wa kọ́ ni ajá ìhín. Nílé, ajá ọdẹ ni, tàbí ajá tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìta ni ó ń sùn. Bí oyin bá ta á, yóò fi imú ha ilẹ̀, yóò sá lọ sábẹ́ mọ́tò, ó di ọjọ́ kejì kí a tó tún rí i. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, orí àga ni ajá ń jókòó sí, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé dókítà, àwọn mìíràn sì ní inṣọ́ránsì tí àwa fúnra wa kò ní. Ẹni tí a bá fi irú ajá bẹ́ẹ̀ tì lọ́dọ̀, ohun iyebíye ni a fi tì í lọ́dọ̀. Òfin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ìtọ́jú ẹranko ti ọdún 2006, tí ó wà fún England àti Wales, sọ pé ẹni tí ẹranko wà níkàáwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ pàápàá ní ojúṣe lórí rẹ̀, kì í ṣe olówó rẹ̀ nìkan. Scotland ní òfin tirẹ̀ tí ó jọ ọ́. (Bí a ti wà lórí ọ̀rọ̀ òfin, ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rántí pé físà náà kò gba iṣẹ́ tí ènìyàn dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí a bá aládùúgbò mú ajá rẹ̀ rìn nítorí ìfẹ́, kò burú. Kí a máa gba owó lórí ajá mẹ́wàá lọ́sẹ̀, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.)

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ta ajá. Oyin ní irun lára, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú. Agbọ́n ìhín tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìbàdí, ara rẹ̀ ń dán, ìlà dúdú àti ìlà yẹ́lò ni ó sì wà lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ oyin ní ìwọ̀ wẹ́wẹ́ bí ìwọ̀ tí a fi ń pẹja. Bí ó bá ti gún ẹran lára, kò lè yọ ọ́ mọ́. Bí ó ti ń fò lọ, abẹ́rẹ́ náà á já kúrò lára rẹ̀ tòun ti àpò oró, oyin náà á sì kú. Ṣùgbọ́n àpò náà kò tíì kú. Yóò ṣì máa tú oró sínú ara ajá. Agbọ́n ní tirẹ̀ kì í fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó lè ta ajá lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ó sì fò lọ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Nínú àwọn méjèèjì, abo nìkan ni ó ń ta, nítorí pé ohun tí a dá fún ẹyin yíyé ni ó di abẹ́rẹ́.

Oyin máa ń wà lórí òdòdó kéékèèké inú koríko ní gbogbo ìgbà ooru, ajá a sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ti agbọ́n ní ìgbà tirẹ̀. Láti ìparí oṣù Kẹjọ títí wọ inú oṣù Kẹsàn-án ni agbọ́n ilẹ̀ yìí ń ya aláìnítìjú, ó sì ní ìdí. Nígbà tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kòkòrò mìíràn ni wọ́n ń pa láti fi bọ́ àwọn ọmọ wọn tí ó wà nínú ilé agbọ́n, àwọn ọmọ náà a sì máa pọ omi dídùn kan fún wọn. Nígbà tí ọmọ bá ń tán nínú ilé, omi dídùn náà tán nìyẹn. Ni wọ́n bá di alágbe káàkiri, ní ìdí igi ápù tí èso rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀, ní ẹnu agolo ohun mímu, ní etí ike ìdọ̀tí. Ibẹ̀ gan-an ni ajá náà sì ń ki imú bọ̀. Ajá kò lè rí ohun tí ń fò kí ó má fi ẹnu hán an, pàápàá ọmọ ajá. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé imú, ètè, inú ẹnu àti ẹsẹ̀ ni a ti sábà máa ń rí ojú ibi tí wọ́n ta.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mú ajá kúrò níbẹ̀. Ẹ má pariwo. Ẹ rántí pé ajá tí ara ń ro lè bu ẹni tí ó mọ̀ dáadáa jẹ, nítorí náà kí ọwọ́ yín jẹ́jẹ́, kí ẹ má sì fi ojú yín sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oyin, ẹ wá abẹ́rẹ́ náà nínú irun. Ó dà bí ẹ̀gún kékeré tí nǹkan funfun rọ̀ mọ́ nídìí. Ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ máa ń kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ìka mú un, pé ṣe ni kí a fi etí káàdì ha á, kí àpò oró má bàa fún sínú ara. Ìwádìí kan tí ó jáde nínú ìwé àwọn dókítà tí ń jẹ́ The Lancet ní ọdún 1996 fi hàn pé ọ̀nà tí a gbà yọ ọ́ kò já mọ́ nǹkan kan, bí a ti yára tó ni ó ṣe pàtàkì. Ara ènìyàn ni wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kan náà ni. Nítorí náà ẹ lo èékánná. Ẹ má máa tú àpò wá káàdì báńkì nígbà tí oró ń wọlé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi aṣọ wé yìnyín, tàbí kí ẹ fi wé àpò ẹ̀wà tí ó ti dì nínú fíríìjì, kí ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún gbé e lé e. Yìnyín lásán kò gbọdọ̀ kan awọ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò yóò sọ fún yín pé sódà tí a fi ń ṣe kéèkì ni a ń po sí ojú oyin, pé ọtí kíkan sì ni ti agbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi sí i lẹ́sẹ̀, kò níí pa á, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó kan ojú, imú tàbí ẹnu rẹ̀. Abẹ́ awọ ni oró wà, orí awọ ni ohun tí ẹ pò wà; àwọn méjèèjì kò níí fi bẹ́ẹ̀ pàdé.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fetí sí jù lọ nìyí. Ohun tí ń dẹ́rù ba ènìyàn ni wíwú ojú. Imú ajá á wú bí búrẹ́dì tí ìwúkàrà wọ̀, ipéǹpéjú á fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, kókó á sì lé káàkiri ara rẹ̀. Ó yẹ kí a tẹ dókítà ẹranko láago nítorí rẹ̀, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí kò bá ti dé ọ̀nà ọ̀fun, wíwú yẹn á lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Èyí tí ń pa ajá kì í sábà gba ojú wá. Àwa ènìyàn ni ó jẹ́ pé, bí ara wa bá kọ oró oyin, a máa ń rí i lára mímí wa, ọ̀fun á fún, àyà á há. Ti ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti ìfun ajá ni ìjà náà ti ń le jù. Nítorí náà ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni èébì òjijì, tàbí ìgbẹ́ gbuuru tí ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ á rọ, yóò máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, èrìgì rẹ̀ á funfun, yóò sì ṣubú. Ó lè má wú níbì kankan. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a mọ̀ ń bá ẹbí kan ṣọ́ ajá ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án. Ó gbọ́ tí ajá ké nídìí igi ápù, ó yẹ ojú àti imú rẹ̀ wò, kò rí i kí ó wú, ó sì dúpẹ́. Ìgbà tí ajá bì sí orí kápẹ́ẹ̀tì, ó rò pé egungun adìyẹ tí òun jù sílẹ̀ lálẹ́ àná ni. Ó lọ gbé omi àti ọṣẹ. Ìgbà tí ó fi nu ilẹ̀ tán, ajá kò lè dìde mọ́. Ìyá aládùúgbò tí ó gba orí ọgbà wò wọ́n ni ó pariwo pé kí wọ́n gbé e sínú mọ́tò òun kíákíá. Abẹ́rẹ́ adrenaline àti omi tí a fà sí i lára ni ó gba ajá náà là. Kápẹ́ẹ̀tì ì bá dúró.

Nítorí náà èrìgì ni kí ẹ máa wò. Ẹ lọ gbé ètè ajá ilé yín sókè lónìí tí ara rẹ̀ le, kí ẹ mọ bí ó ti ń rí. Ó yẹ kí ó pọ́n díẹ̀ bí èrìgì tiwa. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò funfun, ẹ gbé ìka kúrò, kí ó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì ó yẹ kí ó ti padà pọ́n. Àwọn ajá kan wà tí èrìgì wọn dúdú láti inú ìyá wọn. Ẹ fa ipéǹpéjú wọn ti ìsàlẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ajá tí a ta, tí èrìgì rẹ̀ funfun tàbí tí kò tètè padà pọ́n, ọ̀dọ̀ dókítà ni ọ̀nà rẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Bákan náà ni ajá tí ó bì, tí ó yàgbẹ́, tàbí tí ó rọ lẹ́yìn tí nǹkan ta á. Èyí tí a ta nínú ẹnu tàbí ní ọ̀fun, ẹ má dúró kí ẹ máa wo èrìgì rẹ̀ rárá, nítorí wíwú níbẹ̀ lè dí èémí. Àwọn ajá tí imú wọn kúrú, irú bulldog àti pug, ni ó tètè ń há fún jù, nítorí àyè mímí wọn kò tó tẹ́lẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù oògùn yín ni ewu kejì. Àánú ajá yóò ṣe yín, ẹ ó sì fẹ́ fún un ní ohun tí ẹ̀yin ń lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ibuprofen tí àwa ń gbé mì bí gúgúrú nígbà ìdánwò lè dá egbò sí inú ajá, kí ó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol lè ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Oògùn olómi ti àwọn ọmọdé ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn ní xylitol, ìyẹn adùn kan tí ó jẹ́ májèlé fún ajá. Ti ara yíyún ni ó tún ṣòro jù, nítorí pé àwọn dókítà ẹranko fúnra wọn a máa lo irú rẹ̀ fún ajá, àwọn ará ilé a sì ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Amẹ́ríkà wá síhìn-ín, ẹ gbọ́ èyí: Benadryl tí ẹ mọ̀ lọ́hùn-ún, diphenhydramine ni ó wà nínú rẹ̀. Páálí tí a kọ Benadryl sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, acrivastine tàbí cetirizine ni ó wà nínú tirẹ̀, òmíràn sì tún ní pseudoephedrine fún imú dídí, èyí tí ó lè pa ajá. Orúkọ kan, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko sọ oògùn tí ẹ ó lò àti ìwọ̀n rẹ̀ fún yín lórí tẹlifóònù. Kí ó sì yé yín pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dá ajá tí ó ti ń ṣubú dúró. Adrenaline ni iṣẹ́ ìyẹn, ọwọ́ dókítà ni ó sì wà.

Ta ni kí a ké sí? Ilé ìwòsàn ìjọba kì í wo ajá. Ẹ tẹ ilé dókítà ẹranko láago kí ẹ tó gbéra, kí wọ́n lè múra sílẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ó ta á bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ibi tí ó ta á sí, aago tí ó ṣẹlẹ̀, bí ajá ti wúwo tó, àti àwọ̀ èrìgì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òru tàbí ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ṣì tẹ̀ wọ́n láago. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko nílẹ̀ yìí ni pé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣètò ìtọ́jú pàjáwìrì tọ̀sán-tòru, nítorí náà wọn yóò fún yín ní nọ́ńbà ibi tí ó ṣí.

Owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni, pàápàá lóru, a kò níí tàn yín. PDSA, tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Maria Dickin dá sílẹ̀ ní ọdún 1917, ń wo ẹranko àwọn aláìní, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gba irú ìrànwọ́ owó kan lọ́wọ́ ìjọba ni ó wà fún jù lọ, físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sì jẹ́ kí a gba irú owó bẹ́ẹ̀. Olówó ajá ni ó yẹ kí ó san án, tàbí inṣọ́ránsì rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ó bá gbé ajá dé ibẹ̀ tí ó sì fọwọ́ sí ìwé lè di ẹni tí wọn yóò máa béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa fún ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó kọ̀wé ni pé kí ó bá ìyá onílé rẹ̀ sọ ọ́ nísinsìnyí tí ara ajá le. Kí ó fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Màmá, bí ẹ kò bá sí nílé tí nǹkan ṣe ajá yín, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?" Kí wọ́n kọ orúkọ dókítà, nọ́ńbà rẹ̀, nọ́ńbà inṣọ́ránsì, àti iye tí màmá gbà kí a ná láìtíì rí òun, sórí ìwé kan, kí màmá fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Kò sí ìyá onílé tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò bí nínú. Ó ṣeé ṣe kí ó tilẹ̀ dín owó ilé kù.

A ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti kọjá sí Texas, tiwọn tún le ju èyí lọ. Oyin ibẹ̀ bá tiwa tan. Ní ọdún 1956, onímọ̀ kan ní Brazil, Warwick Kerr, kó oyin láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí ìpínlẹ̀ São Paulo, kí oyin tí wọ́n ń sìn níbẹ̀ lè máa so dáadáa. Ní ọdún 1957 àwọn kan nínú wọn sá lọ, wọ́n bá oyin tí ó wà nílẹ̀ gùn, àwọn ọmọ wọn sì ń tàn kálẹ̀ láti ìlú dé ìlú títí wọ́n fi wọ Texas ní ọdún 1990. Ẹni tí ó bá ti rí oyin tí ó tú lórí igi ní Òkè-Ògùn mọ irú ìbínú tí a ń sọ. Ajá tí a so mọ́lẹ̀ ni ó ń kú jù lọ́wọ́ wọn, nítorí kò ní ibi tí yóò sá gbà. Bí oyin bá pọ̀ ní àdúgbò yín, ẹ má so ajá sẹ́yìnkùlé kí ẹ lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá sì tú, inú ilé ni kí ẹ sá sí, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má máa gbá wọn pa, nítorí òórùn kan tí ó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n máa ń jáde lára oyin tí ó ti ta nǹkan, òórùn yẹn ni ó sì ń pe àwọn yòókù. Ajá tí ọ̀pọ̀ oyin ta gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn bí ó tilẹ̀ ń jù ìrù. Irú oró tí ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ àti iṣan jẹ́, ìdọ̀tí rẹ̀ sì lè dí kíndìnrín lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bí omi tíì, ọ̀rọ̀ ti lọ jìnnà.

Nípa ìdáàbòbò a kò ní púpọ̀ sọ. Ẹ ṣa èso tí ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà, ẹ bo ike ìdọ̀tí. Ẹ má jẹ́ kí ajá fi ẹsẹ̀ wa ihò inú ilẹ̀ níbi tí agbọ́n ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde, nítorí ọ̀pọ̀ agbọ́n ìhín a máa gbé inú ihò eku àtijọ́. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ní páàkì, ajá tí kò gbọ́ "Fi í sílẹ̀!" ni yóò ki imú bọ irú ihò bẹ́ẹ̀. Ajá tí ó bá ti ṣubú rí nítorí oró, kí olówó rẹ̀ bá dókítà sọ ọ́ bóyá yóò fún wọn ní abẹ́rẹ́ adrenaline tí wọn yóò máa mú dání, kí ó sì fi bí a ti ń lò ó han ẹni tí yóò máa mú ajá náà jáde.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a bá ta ajá, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti balẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sùn níbi tí ẹ ti lè gbọ́ mímí rẹ̀. Ẹ gbé omi sí ìtòsí rẹ̀. Bí ẹ bá jí lóru láti kàwé, ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó ṣí ìwé.

Lẹ́tà méjì wà nílẹ̀ lórí owó ìdógò tí onílé kò dá padà. Nínú ìtẹ̀jáde tí ń bọ̀ ni a ó dá wọn lóhùn.